Owú alágbẹ̀dẹ tí apá àgbẹ̀ á ká: níbo ni mo ti lè rí i?

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mò ń dá ní apá Ìsẹ́yìn. Alágbẹ̀dẹ tó ti ń bá ilé wa tún ọkọ́ ṣe láti kékeré mi ti dolóògbé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba Ìbàdàn lọ, ọ̀kan ń gun ọ̀kadà, èkejì ń ta fóònù. Báyìí, bí ọkọ́ bá ṣẹ́, àfi kí n ra tuntun, tuntun ọ̀hún kì í sì í lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ẹnu rẹ̀ á fi ká bí etí ajá.

Mo ti pinnu pé màá máa rọ ọ́ fúnra mi. Mo ti rí dírọ́ọ̀mù bírékì ọkọ̀ akẹ́rù kan tí màá fi ṣe ààrò, mo ní fáànù kékeré tí yóò máa fẹ́ iná, èédú kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Owu ni kò sí. Mo rí èyí tó ní ìwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n pè é, màlúù ni mo máa fi rà. ₦60,000 ni gbogbo ohun tí mo lè yọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí owu tí apá mi á ká?

ỌmọAláṣọÒfì
Ìsẹ́yìn kẹ̀! Ìlú tí wọ́n ti ń hun òfì láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ ti ń wá òwú? Ẹ yà sílé èyíkéyìí lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á dì í fún yín.

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Háà, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Fóònù mi ni kò fi àmì sí i. OWÚ ni o, èyí tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin lé kó tó lù ú. Kì í ṣe òwú aláṣọ, kì í sì í ṣe Òwu Abẹ́òkúta.

Wẹ́dàGéètì
Bọ̀dá, èyí ò le rárá. Ẹ wá bá mi ní Géètì n'Ìbàdàn. Màá gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí ọ̀nà mẹ́fà, màá tò wọ́n lérí ara wọn, màá jó wọn pọ̀, màá wá jó páìpù ṣóńṣó kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìwo. Á jọ tòyìnbó gan-an. ₦60,000 yín á tó o, á tún kù.

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Ọmọ mi wẹ́dà, mi ò bá ẹ du oúnjẹ ẹnu ẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àgbẹ̀ yìí fi ₦60,000 ra agogo. Irin pẹlẹbẹ mẹ́fà tí o jó létí nìkan, àárín wọn kò kan ara wọn. Bí a bá fi ọmọ owú, ìyẹn òòlù alágbẹ̀dẹ, lù ú, àárín àwọn àlàfo yẹn ni agbára rẹ̀ á rá sí, irin tí à ń rọ kò ní jẹ níbẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Irin tí ẹ fi ń ṣe géètì rọ̀. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi kún fún kòtò, kòtò tó bá sì wà lójú owú, ẹ̀yìn ọkọ́ tí o bá rọ lórí rẹ̀ lo ti máa rí i.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ìdílé wa ló ń rọ irin. Mo ti ń jókòó sídìí ẹwìrì kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Owú bàbá mi kò ní ìwo, kò ní ihò kankan. Irin kan ṣoṣo ni, orí rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Wọ́n gbá ìdí náà wọnú ìtì igi, wọ́n sì ri ìtì igi náà mọ́lẹ̀. Ìjókòó ni bàbá mi máa ń wà lù ú. Orí rẹ̀ yẹn ló ti rọ ọkọ́, àdá, dòjé, àáké, àní abẹ tí wọ́n fi ń fárí. Ìwo lẹ̀ ń wò. Ohun tó wà lábẹ́ òòlù gan-an ni kí ẹ máa wò.

ỌmọIfẹ̀
Bàbá sọ òótọ́. Ní ojúbọ Ògún Ládin láàfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, irin ńlá kan wà níbẹ̀ tó rí bí ẹ̀kán omijé. Ìtàn ibẹ̀ ni pé owú Ládin, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ni. Mo ti fojú mi rí i. Ẹ bá mi wá ìwo lára ẹ̀.

Wẹ́dàGéètì
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń fẹ́ ohun tó dùn ún wò.

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Kí wọ́n lọ ra àwòrán.

ỌmọYorùbáSheffield
Ẹ kú àárọ̀ láti Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí, àgbẹ̀dẹ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé mi ni mo fi ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Ìlú irin ni wọ́n ń pe ibí, ẹ̀bá odò Rivelin ni Mousehole Forge wà, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe owú. Kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn owú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù.

Owú tèmi, Peter Wright ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: 1, 2, 11. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni. Àṣé ìwọ̀n ni. Èyí àkọ́kọ́, ẹ fi 112 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìkejì, ẹ fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìkẹta, bó ṣe wà yẹn náà ni. 112, pẹ̀lú 56, pẹ̀lú 11, ó jẹ́ 179 ní ìwọ̀n pọ́n-ùn àtijọ́, ìyẹn nǹkan bíi kìlò 81. £280 ni mo rà á, inú mi sì dùn pé mo rí i jẹ ní ọ̀pọ̀. Kí n tó wá gbé e wọ ọkọ̀ òkun, kí wọ́n tó gbé e láti Àpápá dé Ìsẹ́yìn, oko ẹ̀gẹ́ yín á ti lọ sí i. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má retí ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ mi lápá ibẹ̀ yẹn, ìmọ̀ràn ni mo ní.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Bí òòlù yín bá jẹ́ kìlò kan, owú kò gbọdọ̀ dín sí kìlò 20. Bó bá tó kìlò 50, ẹ ti gbádùn. Owú tó bá fúyẹ́ á máa fò lábẹ́ òòlù, ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un, apá yín á sì sọ fún yín lálẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bọ́ọ̀lù irin kan tí wọ́n yọ nínú bẹ́ríìnì dání lọ sọ́jà. Ẹ jù ú sílẹ̀ sórí irin náà láti gíga sẹ̀ǹtímítà 25. Orí owú tó dáa, á fò padà tó 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí irin tó rọ̀ tàbí káàsì, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà, á kàn fò díẹ̀, á sì jókòó. Ẹ ṣe é láàárín, ẹ ṣe é létí, nítorí irin mìíràn le níbì kan, ó rọ̀ níbòmíì. Ọlọ́jà á máa wò yín bíi wèrè. Ẹ má dá a lóhùn.

ÌyáAdìẹ
Ká ní mo ti mọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí láti ọdún tó kọjá! Adìẹ ni mò ń sìn ní Ìkòròdú, èmi ni mò ń tún àwọn ìkọ́ àti àgádágodo àgò wọn ṣe fúnra mi, ọkọ mi ní mo fẹ́ràn ariwo ju oorun lọ. Mo ra owú pupa kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin líle ni. Ó dé, ó rẹwà, ó ní ìwo, ó ní ihò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìwo já. Mi ò tíì lù ú rárá o! Irin lásán ni mo fi ń tẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo wo ojú ibi tó já, ó rí gbúruburu bíi gaàrí, ó dúdú. Wẹ́dà tí mo gbé e lọ bá kàn wò ó, ó ní, "Màmá, káàsì ni. Kò ṣe é jó." Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kò fèsì dòní. Mo ti fi ṣe ohun tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kó má bàa pa dé.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí èyí tó dán, tó kéré, tó ní ìwo, tí owó rẹ̀ sì rọ̀, ẹ sá.

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Adìẹ. Ìyẹn gan-an ni mo ti fẹ́ gbowó lé. Ọlọ́run ló kó mi yọ.

ṢọláDídán
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ irin rélùwéè? Gbogbo fídíò tí mo ń wò, òun ni wọ́n ń gé. Irin wà nílẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní 1901. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ ẹni tó lè gé ẹsẹ̀ méjì fún yín lóru.

Ọwọ́déOnírin
"Lóru." Ẹ gbọ́ ẹnu ara yín. Èmi ń ta irin àlòkù ní Ọwọ́dé Onírin ó ti tó ọdún mọ́kànlá, mi ò ní gba irin rélùwéè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé ibi tó ti rà á. Ohun ìjọba ni, àwọn ọlọ́pàá sì ń wá a kiri. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọkọ̀ kan á kọjá lórí ibi tí wọ́n gé e.

Kódà ká ní ó mọ́, àwọn èèyàn kì í lò ó dáadáa. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ bó ṣe wà lójú ọ̀nà. Ọrùn irin yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá lù ú á máa gbọ̀n bíi dùùrù. Irin tó bá wọn kìlò 40 ní mítà kan, sẹ̀ǹtímítà 30 rẹ̀ kò ju kìlò 12. Ẹni tó bá ní i lọ́nà ẹ̀tọ́, kó gbé e nàró, kó máa fi orí gígé rẹ̀ lu irin. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ á wá bọ́ sábẹ́ òòlù.

Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa wá bí ó bá jẹ́ èmi. Ẹ wá apá fọ́kílíìfù tó ti ṣẹ́, èyí tó ń gbé ẹrù. Irin gidi ni. Ẹ wá ọ̀pá áàsù ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, kí ẹ gbé e nàró, kí ibi tó fẹ̀ lórí rẹ̀ wà lókè. Ẹ wá pín-ìn katapílà, ìyẹn ọ̀pá róbótó tó so abọ́ ìwalẹ̀ mọ́ apá rẹ̀. Bí pín-ìn bá ti jẹ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń tún katapílà ṣe létí ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹ lọ bá. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ àwa ọlọ́jà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí àwa náà, ọ̀dọ̀ wọn la ti ń rà á.

Bí ọlọ́jà bá sọ pé kìlò 50 ni, ẹ má gbà á gbọ́, kódà bí ó bá jẹ́ èmi ni. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi 7.85 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Bí àpẹẹrẹ, irin onígun mẹ́rin tó jẹ́ 15 ní ìbú méjèèjì, tó ga ní 30, kìlò 53 ni. Tó bá róbótó, ẹ wọn ìdajì ìbú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà gígùn rẹ̀. Ìyókù bákan náà ni.

Wẹ́dàGéètì
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bọ̀dá, bí ẹ bá rí apá fọ́kílíìfù, ẹ gbé e wá. Màá gé e sí méjì, màá gbé wọn nàró pa pọ̀, màá fáìlì etí wọn kí iná jíjó lè wọlé dáadáa, kì í ṣe kí n kàn lẹ̀ ẹ́. Bàbá Àgbẹ̀dẹ, ṣé ìyẹn dáa?

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n jìnnà sí orí tí wọ́n máa lù. Iná rẹ á sọ ibẹ̀ di rírọ̀. Jó o nísàlẹ̀ àti láàárín.

ỌmọYorùbáSheffield
Mo fọwọ́ sí i. Ohun tó ba ọ̀pọ̀ owú àtijọ́ jẹ́ níbí nìyẹn: ẹni tó rà á á rí i pé ojú rẹ̀ ní kòtò díẹ̀, á gbé e lọ fún ẹni tó máa bó o kó lè tẹ́jú, tàbí kí wọ́n fi iná kún un. Irin líle tó wà lójú owú àtijọ́ kò nípọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni. Bó bá bó tán, ara irin tó rọ̀ lo kù sí. Kòtò kékeré kì í dí ọkọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀pá tó ń dán bíi dígí, tó ń wọlé tó ń jáde nínú apá katapílà. Wọ́n fi kúrómù bò ó. Owú dáa lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kì í bọ iná, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jó o láìkọ́kọ́ ha á kúrò, èéfín rẹ̀ kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Bákan náà ni irin tí wọ́n fi síǹkì bò, irú èyí tó wà lára páìpù omi àtijọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò fẹ́ rí yín ní wọ́ọ̀dù.

AlàájìTáíwò
Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú. Àwa tí a ń kírun, ṣé wọ́n máa ní ká pa ajá fún owú yìí ká tó lò ó?

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Alàájì, bàbá mi bọ Ògún títí ó fi kú. Èmi lọ Mẹ́kà. Owú kan náà la jọ lò. Ẹ ṣe bísímílà kí ẹ sì wọ awò ojú.

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo dé. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Àràróòmì ní Géètì, mo bi àwọn ọlọ́jà léèrè apá fọ́kílíìfù. Ẹnì kan ní ₦110,000, ó ní nítorí ojú mi ló ṣe dín in kù. Mo yọ bọ́ọ̀lù bẹ́ríìnì mi, mo jù ú sórí irin mẹ́rin. Bí Sheffield ṣe sọ, wọ́n pe èèyàn wá wò mí. Ọmọ kan ní ṣé oògùn ni mo fi ń ta.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo yà níbi tí wọ́n ń tún katapílà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Pín-ìn mẹ́ta wà nílẹ̀ nínú epo dúdú. Mo mú èyí tó gùn jù: ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, gígùn rẹ̀ 52. Mo ṣírò bí Ọwọ́dé ṣe kọ ọ́, ó jẹ́ kìlò 26. Mẹkáníìkì ibẹ̀ ní ₦30,000, mo fún un ní ₦22,000 pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ kọ̀ǹgọ̀ kan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Bọ́ọ̀lù fò tó 17 láàárín rẹ̀, ó sì kọjá 20 létí.

Ìtì igi àyin kan wà lóko mi tí iná ọdún ọdún ti pa tipẹ́. Mo gé e, mo gbẹ́ ihò sí i láàárín. Ẹnu ihò yẹn ló gba wákàtí mẹ́rin lọ́wọ́ mi, igi àyin le ju irin òmíràn lọ. Mo ki pín-ìn bọ̀ ọ́ kó yọ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré. Mo ri ìtì igi náà mọ́lẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan ààbọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni kó ṣe ga tó? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n ní kí n dúró, kó bá oríkèé ìka ọwọ́ mi tí mo bá di ìkúùkù. Bàbá ní ìjókòó ni.

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Ìjókòó. Ẹ̀yìn á sinmi, ojú á sún mọ́ iṣẹ́.

ỌmọYorùbáSheffield
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Bàbá, ẹni tó bá ń fi òòlù ńlá na díìsì katakata, ìyẹn àwo irin tó ń tú ilẹ̀, kó lè di ọkọ́, ìdúró ló máa gbà á. Bó bá jókòó, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ni yóò máa fi lù ú, kò ní rí agbára èjìká lò.

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Bàbá mi kò na díìsì katakata rí. Ó dáa, kó dúró. Ṣùgbọ́n kó ní àpótí kékeré kan nítòsí fún iṣẹ́ abẹ àti ọ̀bẹ.

Ọwọ́déOnírin
Ẹ wò ó, mo dárúkọ pín-ìn, ó rí i ní ₦22,000. Èmi náà ń tà á ní ₦40,000. Mo ba ọjà ara mi jẹ́.

ÌyáAdìẹ
Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. ₦40,000 kọ́ o.

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ọkọ́ mẹ́rin ti jáde, láti ara díìsì katakata àtijọ́. Èyí àkọ́kọ́ wọ́ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀kẹrin, ìyàwó mi ti gbé e lọ sóko rẹ̀ kò sì dá a padà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó dáa.

Àdá ló wá kó ìtìjú bá mi. Mo mú sípírín ọkọ̀ akẹ́rù, mo rọ ọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo mú un gbóná, mo kì í bọ omi bí mo ṣe rí i tí olóògbé ń ṣe fún ọkọ́. Ó dún "kẹ́!" báyìí. Mo wò ó, ó ti la láti ẹnu dé ẹ̀yìn. Kí ni mo ṣe?

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Omi lo ṣe. Sípírín kì í ṣe irin ọkọ́. Ó ti ní líle nínú tẹ́lẹ̀, omi tutù máa ń já a láyà. Epo ni wọ́n ń kì í bọ̀. Epo pupa, òróró ẹ̀pà, èyíkéyìí tó bá wà, kí o kọ́kọ́ ki irin gbígbóná kan bọ̀ ọ́ kí epo náà lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ìdérí wà nítòsí, nítorí ó lè gbiná. Má ṣe é nínú ilé, má sì bu omi sí epo tó ń jó láéláé.

Àwọ̀ iná náà ńkọ́? Bàbá mi máa ń ní kó pupa bí ọsàn tó pọ́n, kì í ṣe funfun. Ìwọ tí ojú rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí irin bá gbóná débi tí òòfà kò fà á mọ́, fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, kí o wá kì í bọ epo. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o ṣe é, oòrùn kì í jẹ́ kéèyàn rí àwọ̀ iná.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Àdá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo le bí àwo tánganran, òkúta kan ló máa fọ́ ọ. Fi òkúta ha ara rẹ̀ kó dán, kí o wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé irin gbígbóná, máa wo bí àwọ̀ á ṣe máa rìn bọ̀ wá sí ẹnu. Bí ẹnu bá ti pọ́n bíi koríko gbígbẹ, tó ń lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, gbé e kúrò.

ỌmọYorùbáSheffield
Ẹni tó bá ní ààrò ìyan búrẹ́dì, nǹkan bí ìwọ̀n 220 sí 250 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún wákàtí méjì náà á ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Bàbá dáa jù fún àdá, nítorí ẹ̀yìn á rọ̀ ju ẹnu lọ, kò ní ṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Wẹ́dàGéètì
Bàbá, ṣé ẹ lè gba ọmọ iṣẹ́? Mò ń bi yín tọkàntọkàn.

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Ṣé o mọ ẹwìrì í fẹ́?

Wẹ́dàGéètì
Mo ní fáànù oníná.

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Iná wo? Ti ìjọba? Wá, màá kọ́ ẹ.

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti ṣe òmíràn nínú òróró ẹ̀pà, ó dúró. Mo fi gé igi ẹ̀gẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹnu rẹ̀ ò yẹ̀. Ìṣòro tuntun ni pé àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ ìró òòlù. Ọkọ́ márùn-ún ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ yìí. Èló ni wọ́n ń gbà láti pọ́n ẹnu ọkọ́ báyìí?

BàbáÀgbẹ̀dẹ
Gba owó èédú, kí o tún gba tọwọ́ rẹ. Ọkọ́ opó, má gba nǹkan kan.

ỌmọAláṣọÒfì
Èmi tí mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí náà ti dé. Ọ̀pá irin tí ìyá mi àgbà fi ń yọ kóró òwú ti tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́, ó sì ní irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Ṣé owú yín lè bá òwú wa tún un ṣe?

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ gbé e wá ní Sátidé. Ẹ bá mi mú òfì kékeré kan bọ̀, màá fi nu òógùn.